Fọ́tò Kan Ló Kù Nínú Kámẹ́rà Bàbá Rẹ

Ọmọ mi ọ̀wọ́n, Ẹlẹ́nu-bí-abẹ,

Mo kí ọ púpọ̀. Kí lẹ́tà yìí bá ọ nínú ìlera, kí ó sì bá ọ ní ìjókòó, nítorí kì í ṣe ohun tí a ń kà lórí ìrìn. Ara mi le, àfi orúnkún tó máa ń bá mi jà bí mo bá fẹ́ dìde.

Ojú bàbá rẹ ń lọ. Dókítà ní iṣẹ́ abẹ kò lè ràn án mọ́, pé kí ọdún yìí tó parí, ó lè má mọ̀gbà tí ilẹ̀ mọ́. Bí a ṣe ti ọ̀dọ̀ dókítà délé báyìí, ó gbé kámẹ́rà àtijọ́ rẹ̀ jáde, ó ní òun fẹ́ ya gbogbo wa kí òun tó di afọ́jú. Ẹni tó ń ta fíìmù fún un ti kógbá wọlé, nítorí náà èyí tó wà nínú rẹ̀ ni ìgbẹ̀yìn.

Okùn ló fi ń ṣiṣẹ́ báyìí, èyí tó ti ta kókó sí nígbà tó ṣì ń ríran kedere láti fi wọn bí ènìyàn ṣe jìnnà sí kámẹ́rà tó. Ó so ìdí rẹ̀ mọ́ kámẹ́rà, àwa a di orí rẹ̀ mú síwájú imú wa, òun a wá fi ìka ka kókó kí ó tó mọ ibi tí yóò yí ojú kámẹ́rà dé. Àbúrò rẹ tó jẹ́ nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Nígbà tó yá, mo rí i pé ẹkún ni.

Ó ya èmi náà nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ mi. Ó ní, "Ìyàwó mi, má ṣojú bí ẹni tí wọ́n jà lólè." Nígbà tó ku fọ́tò kan, ó dáwọ́ dúró. Ó ní ti àkọ́bí òun ni.

O rántí ohun tí o sọ kí o tó lọ: "Bàbá, pàǹtírí ni kámẹ́rà yìí, kò lè bọ́ ajá." Ó dùn ún, n kò ní purọ́ fún ọ. Ṣùgbọ́n ahọ́n àti eyín pàápàá a máa jà, wọ́n a sì tún rẹ́.

Lánàá ló sọ pé bóyá o kò ní wá mọ́, kí òun kúkú ya àga rẹ ní òfìfo. Ó ti gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Okùn ló ń wá láti àárọ̀. Ó tú dúróò, ó tú abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Èmi náà bá a wá a.

Ọ̀nà yóò là fún ọ, o kò ní fẹsẹ̀ kọ. Ọlọ́run yóò jẹ́ kí ìwọ àti bàbá rẹ fojú rinjú nígbà tí ojú náà ṣì ń ríran.

Èmi ni,
Ìyá tó bí ọ, tó sì mọ agídí rẹ dé ìdí.

Àfikún: Má ju ohun tó wà nínú àpòòwé yìí nù. Okùn náà ni. Bàbá rẹ kò ríran tó láti ta kókó sí òmíràn, kò sì mọ̀ pé èmi ni mo jí i. Ìwọ ni kí o mú un wá fún un.