Idà Tí Mo Ní Kí Wọ́n Rọ fún Bàbá Mi

Olóòtú ètò wa lórí rédíò, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìgbani-nímọ̀ràn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi.

Bàbá mi ò ríran mọ́. Idà àtayébáyé tí bàbá wọn fi sílẹ̀ ni wọ́n máa ń gbé lé itan, tí wọ́n á máa fọwọ́ pa á. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin bá aládùúgbò wa jà, idà yẹn ló fà yọ. Aládùúgbò kú. Ọlọ́pàá mú ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n sì gbé idà lọ. A sọ fún Bàbá pé ẹ̀gbọ́n mi rìnrìn àjò.

Nígbà tí Bàbá ò yéé béèrè idà wọn, mo mú fọ́tò rẹ̀ tọ alágbẹ̀dẹ lọ, pé kó bá mi rọ irú rẹ̀ gẹ́lẹ́. Ó rọ ọ́, ó jọ ọ́ bí ìbejì. Mo gbé e lé Bàbá lọ́wọ́. Wọ́n fọwọ́ pa á títí, wọ́n ní:

"Ọmọ mi, èyí kọ́. Ṣé ibi tí idà mi wà ni ẹ̀gbọ́n rẹ náà wà?"

Láti ọjọ́ náà, oúnjẹ ò wọ ọ̀fun Bàbá mọ́, wọn ò sì béèrè nǹkankan. Ẹ̀yin olùgbọ́, ṣé kí n sọ òótọ́ tó lè pa wọ́n ni, àbí kí n máa wò wọ́n bẹ́ẹ̀?

Èmi, ọmọ tó ṣẹ́kù sílé.