Dáìsì Mẹ́rin fún Oṣó Rẹ

                                        Ẹ̀yìn Ṣọ́ọ̀bù Ìránṣọ,
                                        Ọ̀sán Ọjọ́ Àìkú.

Gbójúgbóyà, àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Ọjọ́ mẹ́tàlélógójì rèé tí a sin ọ́. N kò mọ bí a ṣe ń béèrè àlàáfíà lọ́wọ́ ẹni tó ti sinmi, nítorí náà ilé ni n ó kọ́kọ́ ròyìn. Màmá ti ń jẹun díẹ̀díẹ̀. Ìyàwó rẹ ti padà sẹ́nu iṣẹ́. Ọmọ rẹ ti ká eyín méjì, ó sì ń fi àlàfo náà súfèé.

Ìròyìn tí kò jẹ́ kí n lè jókòó jẹ́ẹ́ láti àárọ̀ nìyí: àná ni mo kó ogun rẹ jà, àwọn ère kéékèèké tí o fọwọ́ ara rẹ kùn, lórí tábìlì tí mo fi ń gé aṣọ.

O mọ̀ pé eré bọ́tìnì ni tèmi. Bọ́tìnì mẹ́fà ní ìpele kọ̀ọ̀kan. O ná ọ̀kan, jagunjagun kan á rìn tàbí kó jà, kò sí iyèméjì níbẹ̀. Èyí tó bá ṣẹ́kù á padà sínú agolo. Ìwọ lo máa ń fi mí ṣẹ̀sín pé mò ń ṣọ́ bọ́tìnì bí ẹni fẹ́ rán an mọ́ aṣọ, tí ogun á fi parí tí méjì á ṣì wà lọ́wọ́ mi. Eré tìrẹ kò ní ìfipamọ́. Iye dáìsì tó bá wù ọ́ lo máa jù fún oṣó rẹ. Ojú wọn lápapọ̀ ni agbára idán. Ṣùgbọ́n bí dáìsì méjì bá jọ fi ojú kan náà hàn, idán á yí padà, á sì pa oṣó fúnra rẹ̀. Bí o bá ti kó márùn-ún nílẹ̀, mo máa ń wí fún ọ pé aláṣejù, pẹ́rẹ́ ní ń tẹ́.

Ọ̀rẹ́ rẹ bíríkìlà ló ní ká di eré tìrẹ sínú àpótí, pé ẹni tó láyà rẹ̀ ti lọ. Mo ní kó bá mi ta á lẹ́ẹ̀kan péré; bí mo bá fìdí rẹmi, ká dì í.

Dírágónì rẹ̀ run ogun wa títí ó fi ku oṣó rẹ tí fìlà rẹ̀ ti ya. Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló lè pa dírágónì náà. Àṣà mi mú mi, mo he dáìsì méjì, èyí tí kò lè ju méjìlá lọ láéláé. Bíríkìlà wò mí.

“Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ fẹ́ rán ìyẹn náà mọ́ aṣọ ni?”

Àfi bí ẹni pé ìwọ lo sọ̀rọ̀. Mo mú méjì kún un. Mo jù wọ́n. Mẹ́fà. Márùn-ún. Ọ̀kan. Ìkẹrin yí bọ́ sábẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ, àwa méjèèjì sì dọ̀bálẹ̀ láti wò ó: mẹ́ta! Ó pé mẹ́ẹ̀ẹ́dógún géérégé. Mo pariwo tó bẹ́ẹ̀ tí oníbàárà kan fi sáré wọlé pé kí ló jóná.

Ó ti yé mi wàyí. Bọ́tìnì ń bi mí pé kí ni mo ní. Dáìsì ń bi mí pé kí ni mo lè fi sílẹ̀.

Màmá kí ọ. Bíríkìlà ní òun ń bọ̀ wá gbẹ̀san. Mi ò di àpótí kankan. Ní gbogbo Sátidé, bí mo bá ti palẹ̀ aṣọ mọ́, n ó máa tẹ́ ogun rẹ sórí tábìlì.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ obìnrin, ojo àná,
Aránṣọ.