Kọ́kọ́rọ́ Kejì Àpótí Ìbọn

Mọ́ńdè, 7 Oṣù Kẹta 2016

Mo nawọ́ sókè lónìí. Kí ọpọlọ mi tó mọ̀, ọwọ́ ti wà lókè.

Ìpàdé ni, nínú ilé ìkẹ́rùsí ilé-iṣẹ́ wa ní Nathan Way, ní London níbí. Ọ̀gá Tíì — Margaret ni, ọ̀gá wa, ife tíì kì í kúrò lọ́wọ́ ẹ̀ — ó ní orúnkún Gabriel ti bàjẹ́, kò lè bá wọn lọ sí Canada mọ́. Gabriel ló máa ń gbé ìbọn dání níbẹ̀, tó ń ṣọ́ àwọn tó ń wọn ilẹ̀ dídì létí òkun, kí béárì má bàa fi wọ́n jẹun. Ta ló máa rọ́pò ẹ̀? Ọwọ́ mi nìkan ló lọ sókè.

Dúrótìmí, ọ̀kan lára àwọn tó ń lọ wọnlẹ̀ níbẹ̀, bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Kafilat, ìwọ tó ń sá fún ajá létí odò?" Mo ní ajá ní olówó tó máa bẹ̀bẹ̀ fún un, béárì ò ní. Ọdún mẹ́rin ni mo ti ń ka àgọ́, tí mo ń di àpò, tí mo ń fún àwọn èèyàn ní bàtà òtútù kí wọ́n lọ rí ayé. Èmi náà fẹ́ lọ. Ó tó gẹ́ẹ́.

Nǹkan méjì ni wọ́n ń fẹ́: láísẹ́ǹsì ìbọn lọ́dọ̀ ọlọ́pàá ibí, kí n sì yege lọ́wọ́ Gabriel. Ogúnjọ́ oṣù Karùn-ún ni gbèdéke. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wọ́n á gba ẹni ìta, mo padà sídìí àgọ́ kíkà nìyẹn.

Túsìdeè, 8 Oṣù Kẹta

Mo sọ fún Mummy. Wọ́n ní, "Ìbọn? Nínú ilé mi?" Lẹ́yìn náà ni wọ́n rẹ́rìn-ín. Ọdẹ ni bàbá wọn, ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Wọ́n ní àdí ni bàbá àwọn fi ń nu ṣakabùlà. Mo ní nílẹ̀ òtútù, àdí á dì gbagidi. Wọ́n ní, "Ẹ wá wò ó o! Ẹni tí kò gbé ìbọn rí ń kọ́ ọmọ ọdẹ."

Sátidé, 12 Oṣù Kẹta

Gabriel gbé mi lọ sí ṣọ́ọ̀bù ìbọn ní Kent. Mo rò pé èyí tó tóbi jù la máa mú. Rárá o. Oníhò méjì — o yìn ín lẹ́ẹ̀mejì, ó ti tán. Èyí tó ń kó ọta sẹ́nu fúnra ẹ̀ rẹwà, àmọ́ òtútù àti iyanrìn máa ń mú un ṣe ìránù. Pọ́ńpù ni bàbá. Ọwọ́ ẹni ló ń ṣiṣẹ́ ẹ̀. Bí ọta kan bá kọ̀, fà á, tì í, òmíràn ti wọlé.

Àkọ́kọ́ tí mo gbé gùn jù, ìdí ẹ̀ ń há mi lábíyá. Èkejì wúwo lẹ́nu. Ẹ̀kẹta ni! Ìdí ẹ̀ kúrú, ara ẹ̀ dúdú láìdán, kò sí fáàrí kankan. Mo gbé e sí èjìká, ojú mi bọ́ sójú ìlà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ṣákà — ṣíkì! Mo ti sọ ọ́ lórúkọ: Ṣákáṣíkí. Irú ẹ̀ gan-an ló wà ní Canada, ibí ni kí ọwọ́ mi ti mọ̀ ọ́n. Oníṣọ́ọ̀bù á bá mi tọ́jú ẹ̀ títí láísẹ́ǹsì á fi dé.

Sọ́ńdè, 20 Oṣù Kẹta

Pápá ìyìnbọn, ìbọn Gabriel, Gabriel lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ó ní àṣìṣe kan ló ń pa àwọn onípọ́ńpù: ẹ̀rù á bà wọ́n, wọ́n á fà á ní ìlàjì, ọta tuntun ò ní wọlé. "Fà á dé ìdí, Kafilat! Dé ìdí!" Bí ẹni ń fa omi kànga. Ibi tí a ń ki ọta sí gé mi ní àtàǹpàkò, ẹ̀jẹ̀ jáde. Inú mi dùn sí i, mo fi han gbogbo èèyàn.

Nílé, igi ìnulẹ̀ ni mo fi ń ṣe ìdánrawò ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mummy yọjú. "Ṣé kò sí o?" Mo ní béárì ni. Wọ́n ní kí béárì náà kúkú nu ilẹ̀ tán.

Tọ́sìdeè, 31 Oṣù Kẹta

Àpótí irin ti dé. Uncle Jimoh fi bóòtù dè é mọ́ ògiri yàrá mi, gbogbo ilé mì. Kọ́kọ́rọ́ méjì ló bá a wá. Ọ̀kan wà lọ́wọ́ mi, ọ̀kan wà lọ́dọ̀ Ìyá Kọ́kọ́rọ́ bó ṣe yẹ.

Mummy ni Ìyá Kọ́kọ́rọ́, wọn ò mọ̀ pé mo ń pè wọ́n bẹ́ẹ̀. Gbogbo kọ́kọ́rọ́ kejì ẹbí yìí, etí ìró wọn ló ń sùn. Ọkọ̀ ìkẹ́rù Uncle Jimoh. Ilé Mujeebat àbúrò mi ní Woolwich. Àpótí Auntie Idiat. Ilé Ìjẹ̀bú tí kò sẹ́ni tó ń gbé ibẹ̀ mọ́. A kì í bi ara wa. Kọ́kọ́rọ́ tuntun bá wọlé, èkejì ti Mummy ni.

Wẹ́sìdeè, 13 Oṣù Kẹrin

Háà, Olúwa mi.

Ọlọ́pàá ìbọn wá. Ọmọlúàbí èèyàn, ó bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà láìjẹ́ pé a sọ fún un. Bírò kì í kúrò lọ́wọ́ ẹ̀ — Bàbá Bírò ni mo ń pè é. Ó bi mí bóyá mo ń mutí. Bóyá mo máa ń bínú (mo ní rárá, Mummy wojú wíńdò). Kí ni mo fẹ́ fi ìbọn ṣe. Mo dáhùn gbogbo ẹ̀ geere. Ó mi àpótí irin, kò mì. Inú ẹ̀ dùn.

Ó ku ìbéèrè kan: ta ló tún lè ṣí i? Mo ní kò sẹ́nì kankan. Ó sì dá mi lójú bí mo ṣe ń sọ ọ́! Mummy kì í ṣe ẹnì kan, Mummy ni Mummy. Ni Mummy bá tú ìdìpọ̀ kọ́kọ́rọ́ létí ìró. Wọ́n ní kí ọ̀gá ọlọ́pàá fọkàn balẹ̀, bí Kafilat bá tiẹ̀ sọ tiẹ̀ nù, èkejì rèé, ọwọ́ àwọn ni gbogbo kọ́kọ́rọ́ ẹbí wà. Wọ́n tún mì í kó lè gbọ́.

Bírò dúró. Ó rọra sọ ọ́: òfin ní ẹni tó ni láísẹ́ǹsì nìkan ló gbọ́dọ̀ lè dé ìdí ìbọn. Kò lè fọwọ́ sí i báyìí. Ó máa padà wá ní ọjọ́ kẹta oṣù Karùn-ún. Bí ó bá bá a bẹ́ẹ̀, ó parí nìyẹn. Mummy fún un ní ìgò mọ́ọ̀tì kejì. Ó gbà á.

Tọ́sìdeè, 14 Oṣù Kẹrin

Mi ò fẹ́ sọ̀rọ̀.

Sátidé, 16 Oṣù Kẹrin

Mo béèrè kọ́kọ́rọ́ náà lọ́wọ́ Mummy. Mo sọ ọ́ dáadáa — mo rò pé mo sọ ọ́ dáadáa. Wọ́n ní, "Ṣé olè ni mí?" Mo ní òfin ni. Wọ́n ní òfin wo ló ní kí ìyá má mọ ohun tó wà nínú ilé ẹ̀? Ọdún mọ́kànlélógún ni àwọn fi tọ́jú àwọn arúgbó nílùú yìí, kọ́kọ́rọ́ ilé wọn lọ́wọ́ àwọn, ṣíbí kan ò sọnù rí. Ọlọ́pàá kan wá mu mọ́ọ̀tì méjì, ó sọ àwọn di ẹni tí a ò lè fọkàn tán?

Mo gbóhùn sókè. Mi ò gbóhùn sókè sí Mummy rí. Mo ní, "Ẹ fẹ́ bà á jẹ́ fún mi ni!" Wọ́n wọ yàrá lọ kírun. Ìrun yẹn pẹ́.

Mọ́ńdè, 18 Oṣù Kẹrin

Gabriel ní kí n pààrọ̀ àgádágodo àpótí irin náà, kí ọ̀rọ̀ tán. Mo pààrọ̀ ẹ̀ nígbà tí Mummy lọ ra iṣu ní Woolwich. Ogún ìṣẹ́jú péré. Kọ́kọ́rọ́ Mummy ti di irin lásán. Mi ò sọ fún wọn. Ọgbọ́n ni. Mo ní ọgbọ́n ni.

Wẹ́sìdeè, 20 Oṣù Kẹrin

Mo ti ibi iṣẹ́ dé. Ìdìpọ̀ kọ́kọ́rọ́ wà lórí tábìlì páálọ̀, gbogbo ẹ̀ pátá. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, àǹkárá àtijọ́ Mummy, aláwọ̀ ewé yẹn. Wọ́n ti gé e, wọ́n ti ṣẹ́ etí ẹ̀. Mo gbé e wọn àpótí irin, ó bá inú ẹ̀ mu rẹ́gí. Wọ́n fẹ́ tẹ́ ẹ síbẹ̀ fún mi kí irin má bàa ha ìbọn lára ni. Ìgbà tí wọ́n fẹ́ ṣí àpótí ni wọ́n mọ̀ pé kọ́kọ́rọ́ wọn ò ṣí i mọ́.

Wọ́n ti lọ sílé Auntie Idiat ní Plumstead. Wọn ò bú mi. Ì bá sàn kí wọ́n bú mi.

Fúráìdeè, 22 Oṣù Kẹrin

Uncle Jimoh ti kọ́kọ́rọ́ mọ́nú ọkọ̀ ẹ̀, ó di ọ̀dọ̀ mi. Mujeebat ti ibi iṣẹ́ ní ilé ìwòsàn dé, kò rí kọ́kọ́rọ́ ilé ẹ̀, ó di ọ̀dọ̀ mi. Mo wọ bọ́ọ̀sì 472 lọ sí Woolwich nínú òjò. Kọ́kọ́rọ́ mọ́kàndínlógún, mi ò mọ èyí tó jẹ́ ti ta. Mo ń tì wọ́n bọ ihò lọ́kọ̀ọ̀kan, Mujeebat dúró tì mí, ó ń gbọ̀n. Ìkọkànlá ló ṣí i. Ó ní, "Mummy kì í wò ó. Wọ́n á kàn fọwọ́ kàn án." Ó ní ṣé mo ti lọ bẹ̀ wọ́n. Mo ní màá lọ.

Màá lọ. Kì í ṣe ọ̀sẹ̀ yìí. Èmi náà ní ohun tí mo ń lé.

Túsìdeè, 3 Oṣù Karùn-ún

Bàbá Bírò dé láago mẹ́wàá. Kò tíì jókòó tán tí Mummy fi wọlé, láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Wọ́n kí i, wọ́n jókòó lórí àga wọn. Ó yẹ àgádágodo tuntun wò. Ó wá kọjú sí Mummy: ṣé wọ́n mọ ibi tí kọ́kọ́rọ́ wà? Wọ́n ní rárá. Ṣé ó dá wọn lójú? Wọ́n ní, "Ọ̀gá, nínú gbogbo kọ́kọ́rọ́ ẹbí yìí, òun nìkan ni mi ò mọ̀." Wọn ò wojú mi. Bírò kọ ọ́ sílẹ̀. Ó ní ó ti dára.

Ó lọ tán, Mummy mú ìdìpọ̀ wọn, wọ́n kà á, wọ́n so ó mọ́ etí ìró, wọ́n gbé ẹ̀wà kaná. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà kíṣìnnì. "Ẹ má bínú" wà lẹ́nu mi. Mo wá béèrè bóyá alùbọ́sà wà.

Wẹ́sìdeè, 18 Oṣù Karùn-ún

LÁÍSẸ́ǸSÌ DÉ LỌ́SẸ̀ TÓ KỌJÁ, mo sì yege lónìí! Ó ku ọjọ́ méjì. Pátákó kan lórí okùn ń sáré bọ̀ wá bá mi, ọta mẹ́ta, ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bà á. Mo fà á dé ìdí lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Gabriel buwọ́ lùwé mi lójú ẹsẹ̀.

Mo tú Ṣákáṣíkí palẹ̀ lórí tábìlì. Ọ̀pá àti aṣọ gba inú ẹnu ìbọn títí aṣọ fi jáde ní funfun. Òróró díẹ̀, kí a sì nù ún kúrò — òróró púpọ̀ ni òtútù fi ń dè é lọ́wọ́. Mummy ń wò mí láti orí àga. Wọ́n ní, "O gbàgbé abẹ́ ẹ̀." Lóòótọ́, mo gbàgbé.

Sátidé, 9 Oṣù Keje

Ọ̀la ni mò ń lọ. Mummy ṣàdúrà fún mi, ó gùn, wọ́n dárúkọ béárì sí i. A ti ń rẹ́rìn-ín báyìí. Àmọ́ mi ò tíì sọ "ẹ má bínú" yẹn. Àǹkárá aláwọ̀ ewé wà nínú àpò mi.

Túsìdeè, 12 Oṣù Keje

Canada. Ilẹ̀ pẹrẹsẹ, òkun, ẹ̀fọn tó tó ẹyẹ. Èèyàn mẹ́fà pẹ̀lú mi. Àpótí irin wà nínú àgọ́ ńlá, ìbọn méjì nínú ẹ̀, ìbejì Ṣákáṣíkí, kọ́kọ́rọ́ méjì. Ọ̀gá Tíì nawọ́ sí èkejì: ọdọọdún, ọwọ́ òun ló ń wà. Mo ní rárá o. Mo ti kọ́ ẹ̀kọ́ mi lọ́dọ̀ Bàbá Bírò, ẹnì kan ṣoṣo ni. Ó wò mí. Ó ní èmi ni ẹ̀ṣọ́, bí mo bá ṣe wí ni.

Méjèèjì wà lọ́rùn mi. Mo bá ń rìn, wọ́n ń dún bíi ti Mummy.

Sátidé, 23 Oṣù Keje

Kíákíá ni mò ń kọ èyí. Ẹ wo ìkọ̀wé mi.

Àárọ̀. Mo nu ìbọn méjèèjì tán, mo tì wọ́n mọ́nú àpótí, mo lọ sódò ṣàlùwàlá. Ó tó igba ìṣísẹ̀ sí àgọ́. Mo ti fọ ọwọ́ ọ̀tún dé ìgúnpá nígbà tí mo gbọ́ ohùn Dúrótìmí: "Kafilat! Kọ́kọ́rọ́! Kọ́kọ́rọ́ o!"

Mo sáré. Bàtà kan ṣubú, mi ò wẹ̀yìn. Béárì funfun gidi, ó wà lẹ́yìn àgọ́ ìdáná, ó ti fa àpò ìyẹ̀fun ya, ìyẹ̀fun bò ó lójú. Àwọn márààrún kóra jọ sídìí àpótí, Dúrótìmí ń fi òkúta lu àgádágodo, Ọ̀gá Tíì ń lu ìkòkò. Ìkòkò! Mo ṣí i. Ọta wọlé. Mo fà á dé ìdí. Mo yìn ín sílẹ̀ níwájú ẹ̀. Ó gbójú sókè. Mo tún fà á, mo tún yìn ín. Ó yí ẹ̀yìn padà, kò sáré, ó ń rìn bí ẹni tí a kò fún lóúnjẹ.

Kò sẹ́ni tó fara pa. Ìṣẹ́jú mẹ́ta. Ìṣẹ́jú mẹ́ta ni èèyàn márùn-ún fi dúró síwájú àpótí títì, kọ́kọ́rọ́ méjèèjì lọ́rùn ẹnì kan ṣoṣo tó ń fọ ìgúnpá lódò. Ọ̀gá Tíì ò pariwo. Ó kàn tẹ́ ọwọ́ sílẹ̀. Mo bọ́ èkejì lọ́rùn, mo gbé e lé e.

Mo gba fóònù sátẹ́láìtì. Mummy gbé e. Mo ní, "Mummy, ẹ má bínú." Wọ́n ní nítorí kí ni? Mo rò ó fún wọn, béárì, ìkòkò, kọ́kọ́rọ́, ti London náà, mo ń sunkún. Wọ́n ní ṣé ara mi le. Mo ní ó le. Wọ́n ní ṣé mo ti nu ìbọn. Mo ní rárá. Wọ́n ní kí n lọ nù ún, bàbá àwọn kì í jẹ́ kí èéfín ẹ̀tù bá ìbọn sùn.

Wọ́n wá ní, "Ta lo fún ní kọ́kọ́rọ́ kejì?"

Mo ní Margaret, ọ̀gá wa.

Wọ́n ní, "Ṣé abiyamọ ni?"

Mo ní ó bímọ méjì.

Wọ́n ní ó dáa, kó wà lọ́wọ́ ẹ̀.