Fóònù Tó Lè Dá Dúró

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹta oṣù Bélú

Sáré-Sáré tẹ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ láàárọ̀ yìí, ó gùn bí ìwé ẹ̀bẹ̀. Àbúrò mi obìnrin ni. Inú ìwé yìí nìkan ni mo ti ń pè é bẹ́ẹ̀, torí tó bá ń sọ̀rọ̀, ọwọ́ rẹ̀ kì í rìn, sísá ló ń sá. Kò gbọ́rọ̀ mọ́ láti ọmọ ọdún mẹ́rin, ìgbà tí àrùn yírùnyírùn fẹ́ gbé e lọ. Ilé ìtẹ̀wé kan ló ti ń di ìwé, ìrìn wákàtí mẹ́fà sí ibí. Ariwo ẹ̀rọ tó ń fọ́ àwọn yòókù lórí níbẹ̀ ò kan tiẹ̀.

Ohun tó fẹ́: kí n bá òun ra fóònù aláṣẹ́po méjì. Irú kékeré yẹn, tó ń pa dé bí ike àtíkè. Ọ̀kan fún òun, ọ̀kan fún Màmá tó ń gbé lọ́dọ̀ mi. Ó ti ń tọ́jú owó ọ̀hún láti ọdún tó kọjá.

Mo rẹ́rìn-ín. Èmi tí mo ti ń tún fóònù ṣe láti ọdún méjìdínlógún! Mo to gbogbo àléébù rẹ̀ fún un. Ìlà máa ń yọ láàárín ojú rẹ̀. Iyanrìn bíńtín bá wọ hínjì tó fi ń ṣẹ́po, ó parí. Ojú rẹ̀ bá fọ́, owó àtúnṣe rẹ̀ tó ra fóònù gidi mìíràn. Mẹ́ta wà lórí tábìlì mi báyìí tí àwọn tó ni wọ́n ò padà wá gbé. Ẹ̀ṣọ́ lásán ni, mo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Nǹkan àwọn tó fẹ́ kí ayé máa wo àwọn.

Ó dáhùn: "Bọ̀dá mi, kì í ṣe tẹ̀ṣọ́. Ó lè dá dúró lórí tábìlì. Ọwọ́ méjèèjì ni èmi àti Màmá fi ń sọ̀rọ̀. Ta ni yóò máa bá wa di fóònù mú?"

Mo ní wọ́n ń ta ẹsẹ̀ ike tí wọ́n fi ń gbé fóònù dúró.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹfà

Mo borí. Fóònù lásán méjì, tó le dáadáa, tí bátìrì rẹ̀ ń lo ọjọ́ méjì. Ẹsẹ̀ ike méjì lé e, ẹ̀bùn láti ọwọ́ èmi ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Inú mi dùn sí ara mi.

Ìdáhùn rẹ̀: "Ẹ ṣé, Bọ̀dá mi." Kò fi nǹkan kan tẹ̀lé e. Ẹni tó máa ń fi àwòrán ẹ̀rín mẹ́fà ti "ẹ káàárọ̀" lẹ́yìn.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹsàn-án

Mo wo Màmá ní pálọ̀ tí òun àti Sáré-Sáré ń fi fóònù sọ̀rọ̀. Ẹsẹ̀ ike yẹ̀, fóònù dojú bolẹ̀. Màmá fi ti agolo mílíìkì, ó tún yọ̀. Nígbà tó yá, wọ́n kúkú fi ọwọ́ kan dì í mú, wọ́n ń fi ọwọ́ kan yòókù sọ̀rọ̀. Ìyàwó mi ní, "Ó dà bí ẹni tó ń fi ìlàjì ètè sọ̀rọ̀."

Mo ní yóò mọ́ wọn lára.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Màmá ṣubú ní balùwẹ̀. Rọpárọsẹ̀. A wà ní ọsibítù. Ọwọ́ mi ò kọ̀wé.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹtàdínlógún

Gbogbo apá ọ̀tún ti kú. Ohùn tó ń jáde lẹ́nu wọn ò ní ọ̀rọ̀ nínú. Ọwọ́ òsì nìkan ló mókun.

Láti àárọ̀ ni ọwọ́ òsì yẹn ti ń bá mi sọ nǹkan. Yóò ṣí, yóò pa dé, yóò gbọ̀n, yóò nà sókè. Mo ní: ṣé omi ni? Ṣé orí ń fọ́ yín? Ká gbé ìrọ̀rí sókè? Ká pe nọ́ọ̀sì? Nígbà tó sú wọn, wọ́n di ojú.

Ọ̀sán ni Sáré-Sáré dé, báàgì ìrìn-àjò ṣì wà léjìká rẹ̀. Ọwọ́ Màmá kàn yí lẹ́ẹ̀kan péré. Ó kọ ọ́ sórí ìwé fún mi: "Màmá ní kí ẹ pa fáànù. Òtútù ń mú wọn."

Láti àárọ̀. Fáànù.

Ọjọ́bọ̀, ogúnjọ́

Sáré-Sáré ti padà. Ìwé àwọn ọmọ ilé-ìwé ni wọ́n ń dì níbẹ̀ báyìí, ọ̀gá rẹ̀ ò sì lè fún un ju ọjọ́ mẹ́rin lọ. Kó tó lọ, ó gbé fóònù Màmá lé ẹsẹ̀ ike, ó gbé e síhìn-ín, ó gbé e sọ́hùn-ún, ó fi aṣọ tì í lẹ́yìn. Ó wo ẹsẹ̀ ike náà. Ó wò mí. Kò kọ nǹkan kan.

Ì bá kúkú kọ ọ́.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kọkànlélógún

Fóònù ṣubú lẹ́ẹ̀mẹrin kí aago mẹ́wàá tó lù. Bẹ́ẹ̀dì ọsibítù rọ̀ jù.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹtàlélógún

Èmi fúnra mi di fóònù mú fún wọn lónìí. Lẹ́yìn bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá apá mi ti ń gbọ̀n, àwòrán ń mì. Màmá bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ kan, wọ́n wojú mi, wọ́n dá a dúró láàárín. Mi ò gbọ́ ọ̀kan nínú rẹ̀, síbẹ̀ wọn ò fẹ́ sọ ọ́ níṣojú mi. Ó dùn mí. Ta ni mo fẹ́ bínú sí?

Nọ́ọ̀sì kan tó wọ awò ojú ló wá sọ òótọ́ fún mi. Ó ní, "Bọ̀dá, tẹ́ ẹ bá ti lọ síbi iṣẹ́, fóònù yẹn á sùn sílẹ̀. Ọmọbìnrin yẹn á máa juwọ́, juwọ́, àjà ilé wa ló ń wò. Mo máa ń gbé e dìde tí mo bá ń kọjá, àmọ́ aláìsàn méjìlá ló wà lọ́rùn mi."

Ó wá fa fóònù tirẹ̀ yọ lápò. Aláṣẹ́po. Ó ṣí i dé ìdajì, ó gbé e lé orí bùláńkẹ́ẹ̀tì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ Màmá. Fóònù náà jókòó. Ó mi bẹ́ẹ̀dì. Fóònù ṣì jókòó. "Irú èyí ló yẹ kẹ́ ẹ wá fún wọn," ló wí. Ẹnìkan pè é ní bẹ́ẹ̀dì kejì, ó mú fóònù rẹ̀, ó lọ.

Mo dúró bí ẹni tí wọ́n gbá létí.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹrìnlélógún

Mo máa rà á. Mo ti pinnu. Àwọn mẹ́ta tó wà lórí tábìlì mi ò wúlò, ojú wọn ti fọ́, wọn ò sì í ṣe tèmi. Ọ̀rẹ́ mi tó ń ta tuntun ní kí n ní sùúrù di Ẹtì, pé ẹ̀dínwó ń bọ̀ lórí rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́rin péré.

Mo ní kò burú.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n

Mo ti gbà á. Ó rẹwà, mi ò ní purọ́. Mo ṣí i, mo pa á dé, bí ogún ìgbà. Ó dúró lórí tábìlì, ó dúró lórí tìmùtìmù àga. Mo fi í sínú ṣáájì ní ṣọ́ọ̀bù, ó di ọ̀la kí n tó lẹ ike ìdáàbòbò mọ́ ọn lójú. Èmi kì í gbé iṣẹ́ àbọ̀ fún oníbàárà, ṣé ìyá mi ni máa wá gbé e fún?

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n

Rọpárọsẹ̀ mìíràn kọlù wọ́n láàárọ̀ kùtù. Ọwọ́ òsì ti lọ. Dókítà ní wọ́n ń gbọ́, wọ́n ń ríran, ìyẹn nìkan.

Fóònù ṣì wà nínú ṣáájì.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹta oṣù Ọ̀pẹ̀

Mo gbé e lé bẹ́ẹ̀dì. Ó dúró ṣinṣin. Sáré-Sáré rí ojú Màmá kedere, inú rẹ̀ dùn, ọwọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ eré. Lẹ́yìn náà ó dúró, ó ń retí èsì.

Mo ti kọ̀wé sí i pé ó rẹ ọwọ́ Màmá díẹ̀. Díẹ̀ ni mo kọ.

Ó tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́: "Ẹ sún un sí ìsàlẹ̀, mi ò rí ọwọ́ wọn." Mo sún un. "Ó dáa. Mo ti ń rí i báyìí." Ó ń wo ọwọ́ tó sùn lórí bùláńkẹ́ẹ̀tì. Ó ń wò ó. Mi ò lè wo ojú rẹ̀.

Nígbà tó yá, mo bi í pé kí ni Màmá ń sọ ní gbogbo ọjọ́ tí ẹsẹ̀ ike ń ṣubú.

"Mi ò mọ̀. Àjà ni mò ń wò."

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ karùn-ún

Oníbàárà kan, olùkọ́, bi mí pé ṣé aláṣẹ́po tó owó tí wọ́n ń pè é, àbí kí òun ra èyí tí gbogbo èèyàn ń lò. Ìdáhùn ìbéèrè yìí kì í wọ́n mi. Hínjì, iyanrìn, ìlà. Lónìí, mo bi í pé ta ló fẹ́ máa fi bá sọ̀rọ̀. Ó wò mí bí ẹni tí orí rẹ̀ ò pé. Ó lọ sí ṣọ́ọ̀bù kejì.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹrìnlá

Màmá ti wà nílé láti Ọjọ́rú. Yàrá ẹ̀yìn, lójú fèrèsé. Aago mẹ́rin ni Sáré-Sáré máa ń pè. Òun nìkan ló ń sọ̀rọ̀: ó ń fi ọwọ́ ṣàpèjúwe bí ọ̀gá rẹ̀ ṣe lẹ apá ẹ̀wù ara rẹ̀ mọ́ ìwé, Màmá ń fi ojú rẹ́rìn-ín.

Lónìí mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mò ń wò wọ́n. Mo ṣàkíyèsí pé àmì kan ń wáyé léraléra: ìka kan tí ó nà sókè, tó sì ń sún lọ sí ẹ̀gbẹ́. Gbogbo ìgbà tó bá ṣe é, ojú Màmá á yí sọ́dọ̀ mi.

Mo tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́ sí i pé kí ni ìka yẹn.

Ó kà á. Ó dáhùn: "Orúkọ yín ni."

Mi ò mọ̀ pé mo ní orúkọ lọ́wọ́ wọn. Mo ní ta ló sọ mí lórúkọ yẹn.

"Màmá ni. Ọmọ ọdún méje ni mí nígbà yẹn. Tá a bá pè yín pé kẹ́ ẹ wá jókòó tì wá, kẹ́ ẹ wá kọ́ èdè ọwọ́, ẹ máa ń na ìka kan sókè, ẹ á sì jáde."

Mo ní kí ló túmọ̀ sí.

"Ó-ń-bọ̀."

Ọgbọ̀n ọdún. Mo gbójú sókè. Màmá ti ń wò mí tẹ́lẹ̀.

Mo wọlé, mo fa àga. Mo ní kí Sáré-Sáré kọ́ mi ní àmì kan, èyíkéyìí. Ó ní kí n kọ́kọ́ gbé ọwọ́ méjèèjì sókè ná.

Mo gbé fóònù ọwọ́ mi sílẹ̀.