Olùkọ́ Inú Fóònù Kò Tíì Ní Kí N Dìde

Ọmọ mi àtàtà, ọkọ mi,

Mo kí ọ, mo tún kí ọ, mo kí ìyàwó rẹ àti àwọn ọmọ. Ṣé àlàáfíà lẹ wà? Ọlọ́run tó ń ṣọ́ ẹni tó jáde, tó ń ṣọ́ ẹni tó wà nílé, kò ní jẹ́ kí ojú yín rí ibi. Iṣẹ́ kò ní gba ìsinmi lọ́wọ́ rẹ bó ṣe gbà á lọ́wọ́ mi. Bí o bá bèèrè wa, a wà, ṣùgbọ́n ó ti rẹ̀ mí, ọkọ mi. Kò sí àárọ̀ tí mo jí tí kì í ti rẹ̀ mí kí n tó gbé ẹsẹ̀ sílẹ̀. Bàbá rẹ ń kí ọ. Ẹnu rẹ̀ kò tíì là, apá ọ̀tún àti ẹsẹ̀ ọ̀tún sì wà bí àìsàn náà ṣe fi wọ́n sílẹ̀, ṣùgbọ́n bí mo bá ti dárúkọ rẹ, ó máa ń wo ẹnu ọ̀nà.

Ẹní rọ́bà àti fóònù tí o fi rán awakọ̀ ti tẹ̀ mí lọ́wọ́. O ní nítorí ẹ̀yìn tó ń dùn mí ni, pé kí n máa fi kọ́ yógà, eré ìdárayá tí ẹ̀yin ará ìgboro fi ń na ara. Mo kọ́kọ́ tẹ́ ẹní náà sábẹ́ bàbá rẹ, torí ó rọ̀ ju bẹ́ẹ̀dì wa lọ. Ìyá aránṣọ tó wà lójúlé kejì ló sọ fún mi pé èmi ni mo ni ín, ó sì bá mi tẹ fóònù náà títí obìnrin kan fi yọ nínú rẹ̀, tó ń rẹ́rìn-ín, tó ń sọ èdè wa, tó ní òun ni olùkọ́. Ọmọ dáadáa ni, àmọ́ aṣọ ara rẹ̀ fún, kò sì tó. Mo sọ fún un pé kó wá nǹkan bora, òtútù ń mú. Ẹ̀rín ló ń rín lọ.

Ohun kan wà tí n kò fẹ́ràn lára olùkọ́ rẹ yìí. Lójoojúmọ́ tí mo bá ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, á ní ẹ káàbọ̀, ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, ẹ má bẹ̀rù, òní ni ẹ̀kọ́ yín àkọ́kọ́. Mo sọ fún un pé mo wá lánàá, mo wá níjẹta, èmi náà ni. Bó bá di ọjọ́ kejì, á tún kí mi bí àlejò. Mo gbà pé akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ló pọ̀.

Ó ní kí n fa èémí sínú, kí n tú u síta. Mo sọ fún un pé mo ti ń mí kí wọ́n tó bí ìyá rẹ̀. Ó ní kí n kúnlẹ̀, kí n fi ọwọ́ méjèèjì tilẹ̀ bí ológbò, kí n gbé ẹ̀yìn sókè. Èyí dára o, ẹ̀yìn mi dún kẹ̀kẹ̀, ó sì fúyẹ́ díẹ̀. Ó tún ní kí n ṣe bí ajá, kí n gbé ìdí sókè kí n doríkodò. Ajá wa dìde, ó wò mí, ó sì kó ara rẹ̀ jáde nílé. Ó ní kí n fi ẹsẹ̀ kan dúró bí igi. Ọkọ mi, igi tó bá ń gbọ̀n bíi tèmi, ó yẹ kí wọ́n ti gé e kó má baà wó lu ilé. Gbogbo èyí, lẹ́yìn tí mo bá ti yí bàbá rẹ padà, tí mo ti gbé e jókòó, tí mo ti wẹ̀ fún un, tí mo ti fọ aṣọ tó sùn lé, ni mò ń ṣe é. O mọ̀ pé bàbá rẹ kì í ṣe ènìyàn kékeré. Àìsàn gba ohùn rẹ̀, kò gba ìwọ̀n rẹ̀.

Wàyí o, gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá, kí o má lọ gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn. Nígbà tí ẹ̀kọ́ ń parí lọ, olùkọ́ ní kí a dùbúlẹ̀ bí òkú. Mo ní Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́, ṣùgbọ́n mo dùbúlẹ̀, torí ó ti ń wù mí láti dùbúlẹ̀ tipẹ́. Ó ní kí a na ọwọ́, kí a na ẹsẹ̀, kí a dijú, kí a má mira títí òun yóò fi ní kí a dìde, àti pé ariwo yòówù tí a bá gbọ́, kí a jẹ́ kó kọjá lọ. Mo ní ó dáa. Àṣé iná inú fóònù ti tán. N kò mọ̀, mo rò pé olùkọ́ dákẹ́ kí a lè sinmi ni. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ní ẹ̀kọ́ kì í dìde kí olùkọ́ tó ní kó dìde, bí wọ́n ṣe kọ́ wa nílé ìwé nìyẹn kí wọ́n tó yọ mí kúrò níbẹ̀. Mo bá ń dúró dè é. N kò ní purọ́ fún ọ, ó dùn mọ́ mi. Ẹnikẹ́ni kò pè mí. N kò mọ ìgbà tí mo nà gbalaja bẹ́ẹ̀ kẹ́yìn.

Ibẹ̀ ni Káfíńtà bá mi, ẹni tí mo bẹ̀ pé kó wá tún ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì bàbá rẹ ṣe. Mo gbọ́ nígbà tó kan ilẹ̀kùn, mo jẹ́ kó kọjá lọ. Ó wọlé, ó pè mí, mo jẹ́ kó kọjá lọ. Ó figbe pe ìyá aránṣọ, ìyẹn sáré dé, ó ní yéè, ìyá ti kú, iṣẹ́ ti pa wọ́n. Ó ṣe mí bíi pé kí n sọ fún un pé ẹ̀kọ́ là ń kọ́, ṣùgbọ́n olùkọ́ kò tíì tú wa sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni nǹkan tútù kan kàn mí ní àtẹ́lẹsẹ̀. Káfíńtà ti ń fi téèpù wọ̀n mí, torí oníṣẹ́ ọwọ́ tó mọṣẹ́ kì í fi àkókò ṣòfò.

Ìgbà yẹn ni mo gbọ́ gbì nínú yàrá.

Ìyẹn, n kò lè jẹ́ kó kọjá lọ. Mo dìde láìgbàṣẹ. Ìyá aránṣọ rí òkú tó dìde, ojú fèrèsé ló bá jáde. Bàbá rẹ ti gbọ́ pé mo kú. Ọkùnrin tí kò lè yí ara rẹ̀ padà, ó fẹ́ dìde wá wò mí, ó sì já bọ́ láti orí bẹ́ẹ̀dì. Mo bá a nílẹ̀, omi ń dà lójú rẹ̀. Ó fi ọwọ́ òsì tó kù fún un di aṣọ mi mú, kò fẹ́ fi sílẹ̀. Kò fara pa, a dúpẹ́, àfi ìgúnpá tó bó díẹ̀.

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ṣubú a wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú a wo ẹ̀yìn. Bàbá rẹ ṣubú, mo wo ẹ̀yìn, n kò rí ọ. Káfíńtà ni mo rí. Ó ju téèpù sílẹ̀, ó ki ọwọ́ bọ abẹ́ apá kan, mo ki ọwọ́ bọ abẹ́ èkejì, a sì gbé bàbá rẹ padà sórí bẹ́ẹ̀dì. Ọkọ mi, ẹ̀yìn kò dùn mí. Mo dúró síbẹ̀, mò ń retí kó dùn mí, kò dùn mí. Láti ìgbà tí àìsàn yìí ti dé, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ẹnìkan bá mi dì í mú.

Nítorí náà, mo dúpẹ́ fún ẹní, mo dúpẹ́ fún fóònù, ṣùgbọ́n má ra òmíràn. Ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dé orí, bó ti wù kí ẹní rọ̀ tó. Owó tí o bá fẹ́ fi ra nǹkan ránṣẹ́, fi wọ ọkọ̀ wá. Fi díẹ̀ kún un fún ọṣẹ àti fún Káfíńtà, torí ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì kò tíì parí. Ó ní ìwọ̀n mi tó ti mú, òun kò gba owó ìyẹn. N kò ní kí o wá jókòó tì wá títí ayé, mo mọ̀ pé iṣẹ́ ń bẹ lọ́rùn rẹ. Wá bá mi di apá kan mú fúngbà díẹ̀, kí bàbá rẹ sì rí ọ ní ẹnu ọ̀nà tó ń wò. Mo ti sọ fún olùkọ́ pé ó rẹ̀ mí, n kò ní lè wá mọ́. Ó ní ẹ káàbọ̀, òní ni ẹ̀kọ́ yín àkọ́kọ́.

Ilé kò ní lé ọ, ọ̀nà kò ní nà ọ́. Ẹ̀yìn rẹ kò ní tẹ̀. Lọ́jọ́ tó bá sì kàn ọ́ láti dùbúlẹ̀, àwọn tí yóò gbé ọ dìde yóò ju ẹyọ kan lọ. Àmín.

Èmi ni ìyá rẹ.