Esi Rí Orúkọ Mi Níbẹ̀

Ọjọ́bọ̀, ní Nima

Ọ̀gá dúró láàárín ọ́fíìsì lónìí, ó kígbe pé, "Esi, ayekoo!" Gbogbo wọn pàtẹ́wọ́ fún un. Èmi náà pa tèmi bí ẹni ń pa ẹ̀fọn.

Kí ló tiẹ̀ ṣe? Ibì kan bàjẹ́ nínú mẹ́mọ́rì kọ̀ǹpútà ńlá wa. Ẹ̀rọ náà ń tún àṣìṣe ibẹ̀ ṣe fúnra rẹ̀, kánẹ̀lì, ètò tó ń darí rẹ̀, sì ń kìlọ̀. Esi ka ìkìlọ̀ náà, ó ní kí kánẹ̀lì má lo ibẹ̀ mọ́. Ẹ̀rọ ò kú. Ó tán! Ọdún mẹ́fà ni mo ti wà ní ọ́fíìsì yìí, ọmọ àná ni Esi.

Nígbà tí wọ́n lọ jẹ waakye, mo ṣí àkọsílẹ̀ ẹ̀rọ náà láti wá àléébù iṣẹ́ rẹ̀. Tèmi ni mo rí. Lóṣù tó kọjá, ẹnì kan ti pa ìkìlọ̀ yẹn lẹ́nu mọ́ torí pé ariwo rẹ̀ pọ̀ jù. Orúkọ mi ló wà níbẹ̀. Lábẹ́ rẹ̀ gan-an ni Esi ti ṣí i padà.

Mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ fún ọ̀gá. Ó ní, "Bra Sule, ẹ̀gbọ́n mi, ṣebí ẹ̀yin lẹ kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń ka àkọsílẹ̀ yẹn."

Ká ní ó fẹjọ́ mi sùn ni, ǹ bá rí ìdí tí mo fi lè kórìíra rẹ̀. Láàárọ̀, iṣẹ́ rẹ̀ nìkan ni mo ń jowú. Ní báyìí, ó ti kan ìwà rẹ̀ náà.