Bí Ògì Yín Ṣe Ń Tutù

Bàbá mi, ẹni tí ògì gbígbóná máa ń jó lẹ́nu láràárọ̀,

Mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ọ lẹ́nu mi. Lọ́jọ́ Àìkú, àbúrò yín ń bọ̀ láti Sakété wá sí Pobè níbí. Wọ́n máa kó gbogbo ilé jọ sójú oórì yín nínú yàrá, wọ́n á ní ká da omi tútù, wọ́n á sì ròyìn fún yín pé mo ti gbà láti lọ kọ́ṣẹ́ aránṣọ lọ́dọ̀ ìyàwó wọn. Irọ́ ni, Bàbá. Mi ò gbà.

Iṣẹ́ aránṣọ ò burú. Ìṣirò ló kàn wù mí, ẹ sì mọ̀ bẹ́ẹ̀ láti kékeré mi. Nígbà tí ẹ kú, tí mo fi yunifásítì sílẹ̀ ní Àjàṣẹ́ wá tọ́jú Màmá, gbogbo wọn rò pé ó parí nìyẹn. Kò parí. Mo rí yunifásítì òkè òkun kan tó ń gbé ẹ̀kọ́ rẹ̀ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́, lédè Faransé. Abẹ́ igi máńgòrò táwọn ọlọ́kadà ń dúró sí ni rẹ́sò tó ń gbé íńtánẹ́ẹ̀tì wá sórí fóònù ti máa ń dára, ibẹ̀ sì ni kíláàsì mi. Àwọn ọlọ́kadà náà á ní, "Ìyàwó Fóònù, kí lọkọ ẹ wí lónìí?" Mo máa ń dá wọn lóhùn pé ó ní kí n kí àwọn tí kò rí èrò gbé.

Ohun tí mò ń kọ́ ni wọ́n ń pè ní ekuasíọ̀n difẹrẹnsíẹ́lì, ìṣirò ohun tí kì í dúró sójú kan. Bí nǹkan ṣe ń yára yí padà nìkan ló máa sọ fúnni, èèyàn ló máa fúnra rẹ̀ wá ìyókù. Kò kọ́kọ́ yé mi rárá, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ju fóònù nù. Àfi ìgbà tí olùkọ́ ya ife kan sójú pátákó, tó ní bí ohun inú rẹ̀ bá ṣe gbóná ju afẹ́fẹ́ yàrá lọ tó ni yóò ṣe máa yára tutù tó. Ife yín ni mo rí. Ẹ máa ń wọ bàtà kan, ẹ mu ògì, ẹ pariwo, ẹ wọ ìkejì, ẹ tún mu, ẹ tún pariwo, kí ọkọ̀ tó ń kó yín lọ wa òkúta ní Onigbolo má baà fi yín sílẹ̀. Ẹ̀yin kan náà lẹ ń sọ fún wa pé pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ là ń lá ọbẹ̀ gbígbóná! Mo rẹ́rìn-ín lábẹ́ máńgòrò, mo sì sunkún. Lọ́jọ́ yẹn ni mo dá ìṣirò náà ṣe yanjú.

Ìdánwò tó máa jẹ́ kí n padà sí Àjàṣẹ́ ti sún mọ́. Àbúrò yín mọ̀, ìdí tí wọ́n fi ń kánjú nìyẹn. Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ pàṣẹ lórí ibùsùn àìsàn pé kí n lọ kọ́ṣẹ́ aránṣọ, nígbà tí ẹlòmíì ò sí níbẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi ló wí i, kò sẹ́jọ́ mọ́." Ṣé lóòótọ́ lẹ sọ ọ́? Ṣé ibà ló ń sọ̀rọ̀? Àbí ẹ̀rù ló bà yín nítorí mi? Ó ń dùn mí pé mi ò ní mọ̀ láé.

Ṣùgbọ́n bí ẹ bá tiẹ̀ sọ ọ́, Bàbá, mi ò gbà. Mo fẹ́ràn yín, mi ò sì gbà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbé mi sọ́rùn nígbà tí omi òjò bo ọ̀nà iléèwé, ẹ ò lè ní kí wọ́n dá mi padà láàárín ọ̀nà.

Ẹ mọ àṣà ilé wa: àkọ́bí ló ń da omi sójú oórì bàbá rẹ̀, ẹni tí igbá omi bá sì wà lọ́wọ́ rẹ̀, òun nìkan ló lè bá òkú sọ̀rọ̀. Tí ó bá sọ̀rọ̀ tán, gbogbo ilé á dáhùn pé àṣẹ, kí ó tó da omi náà. Àbúrò yín ti gbàgbé pé èmi obìnrin yìí ni àkọ́bí. Lẹ́tà yìí ni màá kà sókè lójú gbogbo wọn. Màá sì di igbá omi náà mú, mi ò ní dà á, títí àwọn náà á fi wí pé àṣẹ.

Èmi ni, àkọ́bí yín, Ìyàwó Fóònù, tó fẹ́ràn yín, tí kò sì gbà.